Aṣọ Ìkélé Kì í Ṣe Ògiri

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo máa ń fún àwọn ọmọ kíláàsì mi kò yí padà ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ wọn ní yíya àwòrán ilé ní Zaria: "Ẹ ya ilé tí ẹ̀ ń gbé, bí ẹni tó ṣí òrùlé rẹ̀ kúrò ṣe máa rí i láti òkè." Ògiri gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlà méjì tó ń lọ ní ọgbọọgba. Ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ ní àlàfo. Ohun tó bá pamọ́ fójú, ìlà gígé-gígé la fi ń yà á. Ẹ gbẹ́ pẹ́ńsù yín kó mú dáadáa, ẹ sì fọ ọwọ́ yín.

Nígbà tí èmi fúnra mi dé Zaria, ìwé ẹ̀rí olùkọ́ lásán ni mo ní, n kò tíì wọ yunifásítì. Síbẹ̀, wọ́n fún èmi àti ìyàwó mi ní kọ́tásì olùkọ́: yàrá mẹ́ta, pálọ̀, ilé ìdáná, àti igi máńgòrò kan lẹ́yìnkùlé. Ibẹ̀ la ti bí Fẹ́mi, ọmọ wa kan ṣoṣo. Mo rò pé bí ayé ṣe máa ń rí fún ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ní òpin àwọn ọdún 1980, Málàm Sani, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ káfíńtà ní yàrá ìkejì sí tèmi, wá bá mi. Hausa la máa ń sọ síra wa.

"Kai, Bayarabe!" Bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá nìyẹn. "Ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ní Danmagaji, ní Zaria níbí, ṣì ṣófo. Ẹni tó ni ín máa gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wá rà á."

"Mo dúpẹ́, Málàm. Ṣùgbọ́n àwa kì í kọ́lé sí àjò. Tí mo bá kú, ṣé Danmagaji ni wọ́n máa gbé mi lọ ni?"

"O kò tíì kú, o ti ń kọ́ ilé òkú! Ìwọ tó wà láàyè ńkọ́, níbo lo máa sùn?"

A jọ rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni mo sọ fún un, bí a ṣe ń rò ó nìyẹn lọ́dọ̀ wa lẹ́bàá Kàbà. Ọkùnrin tí kò bá kọ́lé sílé, gbogbo ìsìnkú tó bá wá ni wọ́n ti máa bi í pé ilé ta ló wọ̀ sí. Nítorí náà, mo jókòó, mo ya ilé oníyàrá mẹ́jọ. Mo kọ orúkọ sára yàrá kọ̀ọ̀kan: ti ìyá Fẹ́mi, ti Fẹ́mi, ti ìyàwó tí Fẹ́mi máa fẹ́, ti àwọn ọmọ tí wọ́n máa bí. Gbogbo ìsinmi gígùn ni mo ń lọ bá bíríkìlà nílé. Ó tó ọdún mẹ́rìnlá kí n tó kàn án lórùlé tán.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ilé ń kéré sí i nínú ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi. Fàráńdà ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà pálọ̀. Mo ń fún wọn ní máàkì, n kò ronú kan nǹkan kan. Lọ́dún kan, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rabi, tó ń ti àdúgbò Hayin Dogo wá, ya igun mẹ́rin kan péré, ó sì fa ìlà gígé-gígé kan gba àárín rẹ̀.

"Rabi, kí lèyí?"

"Labule, Málàm. Aṣọ ìkélé ni. Bàbá àti Màmá wà lápá ìhín, àwa mẹ́rin wà lápá ọ̀hún."

"Aṣọ ìkélé kì í ṣe ògiri, Rabi. A kì í ya ohun tí atẹ́gùn lè gbé."

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo yọ máàkì méjì. Rabi fi rọ́bà pa ìlà náà rẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n ipa ìlà náà ò parẹ́ tán lára ìwé.

Fẹ́mi dàgbà, ó gba oyè yunifásítì, ó di olùkọ́ ní Zaria bíi tèmi. Kò sí kọ́tásì mọ́ fún irú wọn. Lọ́dún tó ṣáájú ìfẹ̀yìntì mi, ìyá rẹ̀ kú. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé pé kí n kó jáde ní kọ́tásì láàárín oṣù mẹ́ta.

Mo lọ sí Danmagaji. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti wà lórí ilẹ̀ tí mo kọ̀. Ìdajì irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti kọjá agbára èmi àti Fẹ́mi pọ̀. Àwọn ọmọ Málàm Sani mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ìyàwó wọn ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ariwo àwọn ọmọdé gba gbogbo àgbàlá. Mo retí kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kàn sún lórí ẹní kí n lè jókòó. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Fẹ́mi ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn. Mo gbé báàgì mi lọ sí Hayin Dogo ní òwúrọ̀ Sátidé kan. Yàrá kan ni, aṣọ ìkélé wà láàárín rẹ̀.

"Bàbá, apá ọ̀hún ni tiyín."

Mo wo apá ìhín. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti Tọ́lá ọmọ wọn ló máa há síbẹ̀, pẹ̀lú ìkòkò àti sítóòfù.

"Fẹ́mi, ìwé tìẹ ju tèmi lọ. Ṣé o mọ iye yàrá tí mo ní nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí rẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣebí mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo máa ń gun igi máńgòrò yẹn."

"Jẹ́ ká jọ máa lọ sílé. Yàrá mẹ́jọ ń bẹ níbẹ̀."

"Kí ni mo máa máa ṣe jẹun níbẹ̀? Ibí niṣẹ́ wà. Ibí lẹ bí mi sí. Ẹ má bínú, Bàbá, ilé yín nìyẹn."

Ìyàwó rẹ̀ po tíì fún mi. Mo mu ún tán, mo gbé báàgì mi padà.

Láti ìgbà náà, ilé ni mo wà. Mò ń gbá yàrá mẹ́jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń ṣí fèrèsé wọn kí wọ́n má baà máa rùn. Orúkọ tí mo kọ sára àwòrán ṣì wà níbẹ̀. Mo fi férémù gbé e kọ́ sí pálọ̀.

Kérésìmesì tó kọjá, wọ́n wá lọ́jọ́ mẹ́ta. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìyá Tọ́lá tẹ́ ẹ sùn ní yàrá tó tóbi jù. Kò pẹ́ tọ́mọ náà jáde tọ̀ mí wá. Hausa ló mọ̀ jù.

"Bàbá, ina labule?" Ó ń wá aṣọ ìkélé.

Mo mú ìṣó méjì àti okùn, mo ta aṣọ ìró ìyá Fẹ́mi gba àárín yàrá náà. Tọ́lá wọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì sùn.

Wọ́n ti padà sí Zaria. N kò tú aṣọ náà. Lánàá, mo yọ àwòrán mi nínú férémù, mo gbẹ́ pẹ́ńsù kó mú dáadáa, mo sì fọ ọwọ́ mi. Rabi á ti dàgbà níbikíbi tó bá wà. Máàkì méjì rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé rúlà lé àárín yàrá tó tóbi jù, mo sì fa ìlà gígé-gígé. Fèrèsé wà ní ṣíṣí. Atẹ́gùn ọyẹ́ ń gbé aṣọ náà bí mo ṣe ń yà á.