Akọ̀wé-Ìtàn Brendal tó ń gbé Ìnísà

“Ẹ jọ̀wọ́ sà, ìtàn Ìnísà ńkọ́? Ìgbà wo lẹ máa kọ ìyẹn?”

Kíláàsì karùn-ún ni mo wà nígbà tí mo bi Bàbá Jọláyẹmí ní ìbéèrè yìí, èmi tí n kì í nawọ́ sókè kódà bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n mí. Wọ́n wá bá wa sọ̀rọ̀ nípa ìtàn ìlú. A rò pé ti Ìnísà, ìlú wa, ni, àṣé ti Brendal ni. Bàbá bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n gbé e wọ̀ padà. “Ìbéèrè tó dára ni. Ẹlòmíràn?”

Kò sí ẹlòmíràn.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Jọláyẹmí fi ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Òkukù. Láràárọ̀ ni wọ́n ń wọ mọ́tò láti Ìnísà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọdún tí wọ́n gbẹ́ kànga kan, tàbí ẹni tó fún ìjọ kan ní ilẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ló ń lọ. Ní ọjọ́ kan, òyìnbó kan láti Nọ́wè wá wo ẹ̀rọ omi. Nígbà tó ń padà, ó fún wọn ní ìwé ìtàn Brendal lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ìbílẹ̀ kékeré tí wọ́n ti bí i. Mo rò pé ó kàn fẹ́ dín ẹrù rẹ̀ kù ni.

Bàbá ka ìwé náà títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi já. Wọ́n kọ lẹ́tà sí akọ̀wé Brendal, akọ̀wé náà sì fèsì. Ni Bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn Brendal ní Yorùbá. Bí àdúgbò wa ṣe mọ̀ nìyẹn pé ẹgbẹ̀rún kan ó lé ogóje ènìyàn ló wà níbẹ̀, pé àgùntàn wọn ju èèyàn wọn lọ, pé ààrá jó ṣọ́ọ̀ṣì wọn lẹ́ẹ̀mejì, àti pé ogójì ọdún ni wọ́n fi jà lórí ibi tí afárá kan máa wà.

“Wọn kì í sábà kí ara wọn láàárọ̀,” Bàbá máa ń sọ, bí ẹni ń ròyìn ọmọ, “ṣùgbọ́n wọn kì í ti ilẹ̀kùn.”

“Kí ni olè fẹ́ jí níbẹ̀, òtútù?” Màmá Túnráyọ̀, ìyàwó wọn, á dáhùn. “Ṣé ẹ ti dé Ìbà rí? Ìbà tó wà níbí yìí?”

“Mo ti gba ibẹ̀ kọjá.”

Gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú ìwé náà ni Bàbá fẹ́ràn jù: “A kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ibí yìí dó.” Wọ́n á kà á, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún un kà. Èmi rò pé ìwé ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ báyìí kò tíì ṣiṣẹ́ rẹ̀.

“Kábíyèsí Nọ́wè” ni bàbá bàbá mi, Bàbá Oyèwálé, ń pè wọ́n. “Kábíyèsí! Àwọn ará ìlú yín ńkọ́? Ṣé yìnyín ò tíì pa wọ́n?”

“Wọ́n ń kí yín, sà,” Bàbá Jọláyẹmí á fèsì, wọ́n á yára kọjá. Mo rò pé eré ni.

Bàbá Oyèwálé kú nígbà tí mo wọ girama. Lọ́dún tó kọjá, dókítà kan ní Ìkìrun sọ fún Bàbá Jọláyẹmí pé ojú kan ti lọ, èkejì ń tẹ̀lé e. Gbogbo àwọn àgbà tó sọ ìtàn Ìnísà fún wọn ti kú. Ohun tí Bàbá ò bá kọ báyìí, ó lọ nìyẹn. Mo wá ń yà nílé wọn lẹ́yìn ilé-ìwé láti ka lẹ́tà fún wọn.

Lẹ́tà kan dé lóṣù tó kọjá. Akọ̀wé Brendal sọ pé ìjọba ti da Brendal pọ̀ mọ́ aládùúgbò rẹ̀ tó tóbi jù ú lọ, wọ́n sì ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára pátákó ojú ọ̀nà. Ó dúpẹ́ pé ẹnì kan ní Ìnísà ti kọ ìtàn rẹ̀ pamọ́.

Bàbá ní kí n tún un kà. Nígbà tí mo kà á tán, mo bi wọ́n: “Ìtàn Ìnísà ńkọ́, sà?”

“Ọmọ́dára, o ò tíì gbàgbé?”

“Rárá, sà.”

“Mo ti kọ ọ́ rí. Ọgọ́ta ojú ewé, kí wọ́n tó bí ọ. Mo pe àwọn àgbà jọ kí n kà á fún wọn. Ojú ewé kìíní ni mo ti sọ agboolé tó kọ́kọ́ dé, kì í sì í ṣe agboolé yín. N kò ka ìkejì. Bàbá bàbá rẹ já a gbà, wọ́n jù ú sínú iná. Wọ́n ní kí n búra pé níwọ̀n ìgbà tí àwọn bá wà láyé, n kò ní kọ ọ́ mọ́, mo sì búra. Ṣé iwájú kíláàsì ni kí n ti sọ ìyẹn fún ọmọ ọmọ wọn? Èmi náà fẹ́ ìlú tí mo lè kọ ìtàn rẹ̀ kí n sì sùn ire.” Wọ́n na ọwọ́, wọ́n ń wá etí tábìlì. “Ó dáa, mú bírò. Ojú ewé kejì la ti máa bẹ̀rẹ̀.”