Iye Tí Wọ́n Ń Ta Ìtàn Àwọn Aláró

Ọjọ́ tí mo kó ìwé mi lọ sí ìsọ̀ àbúrò ìyá mi, tí wọ́n ń ta aṣọ lọ́jà Ìwó, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ìtàn àwọn aláró ayé àtijọ́ ni mo kọ, ẹnu àwọn ìyá àgbà ní Ìwó, Kuta àti Ilé-Ogbó ni mo sì ti gbọ́ ọ. Kò sí ilé iṣẹ́ ìwé tó dá mi lóhùn. Ta ni yóò ra ìtàn aró? Ni mo bá fowó ara mi tẹ̀ ẹ́. Ìwọ̀nba ẹ̀dà lagbára mi ká, atẹ̀wé sì ti là á mọ́lẹ̀ fún mi pé bí ẹ̀dà bá ṣe kéré tó ni owó ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ṣe ga tó, torí wàhálà títo ẹ̀rọ kò yàtọ̀, ì báà jẹ́ mẹ́wàá, ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún. Àwọn fọ́tò àtijọ́ tún ń fẹ́ bébà tó ń dán. Iye yẹn ń bà mí lẹ́rù. Bí ìwé ò bá tà, inú páálí ni ìtàn àwọn ìyá wa máa kú sí.

Àbúrò ìyá mi tún wá bu owó lé e! Ọlọ́jà ni wọ́n, wọ́n ní kí oníbàárà lè rí nǹkan ná. Obìnrin tó kọ́kọ́ béèrè figbe ta: "Yéè! Ṣé wúrà lẹ fi tẹ̀ ẹ́ ni?" Ó bá tirẹ̀ lọ.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kún un mọ́."

"Dákẹ́ jàre. Ìwọ mọ̀wé, èmi mọ ọjà."

Ìgbà tó yá, aláta kan tí kò dàgbà tó mi ṣí ìwé náà wò. "Ìyá mi rèé! Ìyá mi nìyí nídìí ìkòkò aró!" Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Àbúrò ìyá mi sọ iye rẹ̀ gan-an fún un, láìfi kọ́bọ̀ kún un. Ó wo ìwé, ó wo owó ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gé ti ìyá mi nìkan fún mi. Màá sanwó ojú ewé yẹn."

Kí n tó lanu, àbúrò ìyá mi ti fa sísọ́ọ̀sì yọ. Ìwọ̀n tí oníbàárà bá fẹ́ náà ni wọ́n ń gé nínú aṣọ.

"Háà! Ẹ má gé e o!" Mo já ìwé gbà, mo sì gbé e lé aláta lọ́wọ́ lódindi, lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó súre fún mi, ó sì ń fi fọ́tò náà han gbogbo ìsọ̀ bó ṣe ń lọ.

Mo gbé! Gbogbo ìyá tó rẹ aṣọ láró nílùú yìí ni mo kó sínú ìwé yẹn, àwọn ọmọ wọn ló sì kún ọjà. N ò tíì jókòó tán tí eléèlùbọ́ ọ̀kánkán fi dìde, ó ń nu ọwọ́ nù.

"Ìyá tèmi ńkọ́? Ojú ewé wo ni wọ́n wà?"