Àpò Èédú Tó Ya

Lóṣù tó kọjá, mo ra ẹ̀wà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Albany Park, ní Chicago níhìn-ín. Bí mo ṣe tú àpò ìdọ̀họ tí wọ́n dì í sí, òórùn rẹ̀ gbé mi padà sí ọ̀sán ọjọ́ tí ìyá mi mú mi lọ síbi iṣẹ́.

Ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà kan ní Chicago yìí ló ti ń nu ilẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan láti Italy ń to iṣẹ́ ọnà rẹ̀ síbẹ̀: àpò ìdọ̀họ méje tó kún fún èédú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri funfun. Èmi rò pé àwọn kan ló gbàgbé ẹrù wọn.

Lójijì ni ọ̀kan ya. Èédú dà sílẹ̀, bàbá náà káwọ́ lé orí. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó yọ abẹ́rẹ́ àti òwú pupa nínú báàgì rẹ̀.

"Mọ́mì, wọ́n ní don't touch!"

"Dákẹ́. Àpò kòkó bàbá mi ńkọ́, ta ló máa ń rán an?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán ibi tó ya.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé ọ̀gá ìyá mi níbi iṣẹ́ ti kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kẹta ló kù kí wọ́n lé e.

Ọ̀gá náà sáré dé, ó ń pariwo. Bàbá ará Italy yẹn nawọ́ dá a dúró. Ó tẹjú mọ́ ojú rírán pupa náà, ó ní kí wọ́n fi àpò náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì bèèrè orúkọ ìyá mi.

"Mojísọ́lá."

Ó pè é, kò tọ̀nà.

"Rárá sà. Ẹ tún un pè."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló pè é kí ìyá mi tó mi orí pé ó ti pè é re, tó sì padà sídìí bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀.