Àkísà Oníkókó Ara Ẹ̀rọ Ìlọta

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí oko ṣì pọ̀ ju ilé lọ ní Ẹ̀gbẹ́dá, ariwo ẹ́ńjìnì ilé wa ló ń jí àdúgbò. Ẹ má rò pé mò ń fọ́nnu o. Owó epo rọ̀bì ti wọ̀lú, gbogbo èèyàn ń kọ́lé, bàbá mi tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sì ń kó símẹ́ńtì fún wọn. Ó ní lọ́rì méjì, ó ní pikọ́ọ̀bù, ó ní jẹnẹrétọ̀, ó sì ra ẹ̀rọ ìlọta fún ìyá mi tó jẹ́ ìyàwó kékeré.

Ohun tí bàbá mi kò ní ni ìfọkàntán. Lójú rẹ̀, olè ni gbogbo dẹ́rẹ́bà. Ó ní bí wọ́n bá mọ ìgbà tó yẹ kí ọkọ̀ gba ọ́ílì tuntun, wọ́n á ta ọ́ílì náà, wọ́n á ní àwọn ti pààrọ̀ rẹ̀. Ló bá fa iṣẹ́ náà lé ìyàwó àgbà lọ́wọ́, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ìyáálé. Ìyáálé á fa àlòkù ìró ya, á so ó mọ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Bí ọkọ̀ bá ti ìrìnàjò dé, tàbí bí ẹ̀rọ bá ṣiṣẹ́ di ìrọ̀lẹ́, á ta kókó kan sí àkísà rẹ̀. Ti jẹnẹrétọ̀ kúrú, ti lọ́rì gùn. Bí àyè kókó kò bá sí mọ́, mẹkáníìkì òdìkejì ọ̀nà á wá pààrọ̀ ọ́ílì, á tú àkísà náà dànù. Bí Ìyáálé bá ti rí i pé àkísà kò sí mọ́, ó mọ̀ pé wọ́n ti ṣe é, á so tuntun. Bàbá mi, Ìyáálé àti mẹkáníìkì nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ro ara yín wò ná. Ìyá mi jáde ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bá ìyáálé rẹ̀ lẹ́bàá ẹ̀rọ ìlọta tí òun fi ń jẹun, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ta kókó, ẹnu rẹ̀ ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. Bísímílà lásán ni obìnrin náà ń ṣe o! Àsìkò yẹn gan-an ni oníbàárà ìyá mi dín kù, torí ẹlòmíràn ti gbé ẹ̀rọ tuntun sílẹ̀ lọ́nà Ìkòtún. Ìyá mi ò fẹ́ gbọ́ ìyẹn. "Wọ́n ti di ọjà mi pa," ló ń wí ṣáá. Ó kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ lọ́wọ́ Ìyáálé mọ́. Èmi náà wá ń ṣọ́ obìnrin yẹn. Bó bá húkọ́ lásán, àyà mi á já.

Ìyáálé lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bóyá ni ọkọ̀ rẹ̀ tíì kọjá Ìyànà Ìpájà tí ìyá mi fi mú ọ̀bẹ. Ó gé àkísà ẹ̀rọ ìlọta, ó gé ti jẹnẹrétọ̀, kò dá ti pikọ́ọ̀bù àti lọ́rì sí. Ó da kẹrosíìnì sí wọn, ó dáná sun wọ́n. "Padà sórí ẹni tó rán ọ!"

Ìyáálé dé, ó rí i pé àkísà kankan ò sí mọ́. "Mẹkáníìkì yìí mà ṣiṣẹ́ o!" Ó so tuntun. Ọ̀kan nínú lọ́rì méjèèjì, tí àkísà rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tẹ́lẹ̀, ń lọ, ó ń bọ̀, ọ́ílì inú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, títí ẹ́ńjìnì rẹ̀ fi nọ́ọ̀kì lọ́nà pẹ̀lú símẹ́ńtì lẹ́yìn.

Bàbá mi gbá mẹkáníìkì lọ́rùn ẹ̀wù mú lójú gbogbo àdúgbò. "Ìwọ lo tú àkísà, o fẹ́ ká gbà pé o ti pààrọ̀ ọ́ílì! Níbo lo ta ọ́ílì mi sí? Olè!"

Ọmọ Ìbàdàn ni mẹkáníìkì náà, àgbà ọkùnrin tó ń sunkún. "Bàbá, mi ò fọwọ́ kàn án. Ẹ gbé Kùránì wá kí n búra."

Bàbá mi ní iwájú ọlọ́pàá ni yóò ti búra. Ẹnu ọ̀nà ni ìyá mi dúró sí, ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí àkísà náà wà fún. Ó káwọ́ lérí. Wọ́n ti ń wọ́ ọkùnrin náà lọ kí ìyá mi tó kúnlẹ̀ sínú eruku. "Èmi ni mo sun ún! Mo rò pé oògùn ni wọ́n fi ń dè mí."

Bàbá mi fi mẹkáníìkì sílẹ̀. Ìyáálé ni mò ń wò, mo ń retí èébú. Ńṣe ló jókòó sílẹ̀ gbì. "Oògùn kẹ̀? Èmi náà, láti ọjọ́ tí o ti wọlé yìí, mi ò mu omi inú àmù rẹ rí. Mo kàn ń díbọ́n pé mo mu ún ni."

Ìyá mi dìde, ó bu omi wá. Ìyáálé wo omi náà títí. Ó ní kí ìyá mi kọ́kọ́ tọ́ ọ wò ná. Ìgbà tó tọ́ ọ wò tán ló tó mu ún. Wọ́n bẹ mẹkáníìkì, ó ní kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìgándò. Kò yà sílé wa mọ́.

Ayé ti yí padà báyìí. Ilé ti bo gbogbo oko, jẹnẹrétọ̀ wà lójúlé gbogbo, fóònù ọmọ mi ló sì ń ké pé ó tó àkókò láti pààrọ̀ ọ́ílì. Èmi ò gba fóònù gbọ́ jàre. Àkísà ni mo so mọ́ tèmi. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó ọmọ mi, ará Èkìtì, gbé omi wá fún mi níbi tí mo ti ń ta kókó. Ó wo àkísà, ó wo ẹnu mi tó ń ṣe bísímílà. Mo mọ ojú yẹn, bí ìyá mi ṣe máa ń wo Ìyáálé nìyẹn.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi àkísà yìí ń ṣe?"

Ìyá mi ò béèrè ìyẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Mo gba omi lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò sọ pé kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Mo mu ún tán, mo wá ní kó jókòó kí n fi bí wọ́n ṣe ń ta kókó náà hàn án.