Ẹja Tó Gba Orúkọ Ìyàwó

Ọkọ aránṣọ kan máa ń wọ abẹ́ omi lọ ha ìdọ̀tí ara ọkọ̀ ojú omi ńláńlá. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ekurá kan, ẹja apanijẹ inú òkun, tó ń yí i ká níbi iṣẹ́ láìbù ú jẹ. Wọn ò lè jẹun alẹ́ kó má sọ̀rọ̀ ẹja. Lọ́jọ́ tó pè é ní "ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́," orúkọ tó fi fẹ́ ìyàwó ẹ̀ sílé, ìyàwó ti àwo oúnjẹ sẹ́yìn.

"Bàbá wọn, ẹ mú mi lọ wò ó."

Nígbà tí ọkọ wọ abẹ́ omi lọ, ìyàwó jókòó sínú ọkọ̀ kékeré, èébú kún ẹnu ẹ̀. Ẹja náà yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó fi ẹyinjú dúdú kan wò ó bí ẹni ń wo àlejò, ó sì rọra wọmi lọ. Èébú gbẹ lẹ́nu ìyàwó. Ẹyinjú yẹn dára lóòótọ́. Ohun tó dùn ún jù nìyẹn.

Ọkọ ẹ̀ yọrí lókè omi. "Ìyá wọn, ṣé ẹ̀rù ò bà ẹ́?"

"Owú ò jẹ́ kí ẹ̀rù ráyè."

Láti ọjọ́ náà, ọkọ kì í dá lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Ìyàwó á gbé aṣọ tó ń rán dání, á máa ṣọ́ omi.