Ojú Kejì Tí Wọ́n Fi Du Màmá Ẹ-Tún-un-Wò

Màmá Ẹ-Tún-un-Wò kú lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, kó tó di ọ̀sán, lórí àga tí wọ́n ti ń jókòó ṣiṣẹ́ láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Níbi ìsìnkú, ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ ìwádìí nu omijé nù, ó ní Màmá fi ara wọn jìn fún ìmọ̀ ìṣègùn. Ẹ gbà mí. Ta ló fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan?

Iṣẹ́ Màmá ni kí wọ́n kọ́ àwa tí à ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé bí a ṣe ń wá kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé tí à ń dán oògùn tuntun wò lára wọn. Ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ wo ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹnì kìíní kò sì gbọdọ̀ mọ ohun tí ẹnì kejì rí. Bí mo bá ní mo ti wò ó, Màmá á ní, "Ẹ tún un wò." Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà, síbẹ̀ "ẹ" ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń bá mi sọ̀rọ̀.

Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, lẹ́tà onílà mẹ́ta kan dé láti ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ ilé iṣẹ́ náà: owó ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa dúró "fún ìgbà díẹ̀." Àwa mẹ́fà fọ́n ká. Ọ̀kan ń ta ilẹ̀ báyìí. Èmi ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn. Ìdánwò oògùn ò dúró ní tiẹ̀ o. Ẹ̀jẹ̀ ń wọlé lójoojúmọ́, Màmá nìkan ló kù.

Ni Màmá bá di ẹni méjì. Láàárọ̀ wọ́n á wo ẹ̀jẹ̀, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n rí sínú bébà, wọ́n á fi sínú àpòòwé, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pa. Lọ́sàn-án wọ́n á tún un wò bí ẹni tí kò rí i rí. Lóṣù tó kọjá tí mo lọ kí wọn, ẹsẹ̀ wọn ti wú.

"Màmá, ẹ lọ sinmi."

"Dókítà náà wí bẹ́ẹ̀. Ta ni kí n gbé iṣẹ́ fún? Ẹ̀yin tí mo kọ́ dà?"

Mo fa àga kan sún mọ́ wọn.

"Akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ni mo ní kí wọ́n fún mi. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ. Wọ́n ní àwọn ń gbé e yẹ̀ wò." Màmá rẹ́rìn-ín. "Mo ní kí wọ́n tún un wò."

Lẹ́tà méje. Ṣé wọn ò mọ̀wé kà lọ́fíìsì yẹn ni? Wọ́n dalẹ̀ Màmá, ọwọ́ tèmi náà ò sì mọ́. Ní báyìí ọ̀gá àgbà fẹ́ fi orúkọ wọn pe yàrá iṣẹ́ náà, yàrá tí àga mẹ́fà ṣófo nínú rẹ̀. Ojú ò tiẹ̀ tì í.

Mo lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú. Àpòòwé mẹ́tàdínlógún wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì Màmá, Màmá ti lẹ̀ wọ́n pa láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀sán ò sì dé mọ́. Ọmọ mẹ́tàdínlógún nìyẹn. Àwọn ìyá wọn ń dúró kí á sọ fún wọn bóyá oògùn náà ń ṣiṣẹ́.

Kí ẹni tó buwọ́ lu lẹ́tà onílà mẹ́ta yẹn jáde síta, kó sọ fún wa bí "ìgbà díẹ̀" ṣe gùn tó. Kó dá akẹ́kọ̀ọ́ padà sórí àwọn àga yẹn. Bí kò bá sì rí ẹni fi síbẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ wá jókòó, kó wo ẹ̀jẹ̀ ọmọ àkọ́kọ́, kó sì lọ sọ ohun tó rí fún ìyá ọmọ náà.