Èènì Tó Gbé Afárá Wa Dúró

Ní ọjọ́ tí a fẹ́ kan pákó sórí afárá wa, mo gbé abọ́ omi lé orí igi láti wò ó bóyá ó tẹ́jú. Omi náà ṣàn sí apá àdúgbò Zogbeli. Mo tún gbé abọ́ náà lé e, ó tún ṣàn síbẹ̀. Àwọn ọmọ tó yí mi ká na ọrùn wo inú abọ́. Àwọn òpó tó wà lápá àdúgbò Tishigu ga ju ti apá kejì lọ, bẹ́ẹ̀ òjò ti ń ṣú bọ̀ láti ìlà-oòrùn.

Káfíńtà ni mí. Ìlọrin ni wọ́n ti bí mi, ṣùgbọ́n Tamale, lẹ́yìn odi, ni mo ti di ènìyàn. Lára àwọn tó ń ṣe ọ̀nà àti afárá fún ìjọba ni mo wà, láti ìgbà tí mo ti ń ru pákó fún ọ̀gá mi títí tí èmi náà fi di ọ̀gá. N kò ní purọ́ ìrẹ̀lẹ̀ fún yín: mo mọ iṣẹ́ náà. Afárá tí mo bá kàn, ẹ da agbo màlúù gba orí rẹ̀, kò ní mì.

Síbẹ̀, èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ mi ni èyí tí mo ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọdé. Ọdún díẹ̀ kí ogun kejì àwọn òyìnbó tó bẹ́ sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ nígbà ìsinmi gígùn, tí mo bá ti ti ibi iṣẹ́ dé. Lọ́dún kìíní, a kan ilé adìẹ. Lọ́dún kejì, a kan ọmọlanke tí wọ́n fi ń ti omi. Lẹ́yìn náà ni mo ní a ó ṣe afárá sórí kòtò tí àgbàrá gbẹ́ sáàárín Zogbeli àti Tishigu. Tí òjò bá rọ̀, àwọn ọkùnrin á ká ṣòkòtò sókè, àwọn ìyá á ru ọjà la omi náà kọjá, ẹlòmíràn á sì ṣubú sínú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ̀.

Alfa Sálíù ló fẹ́ dá wa dúró. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú ní Tishigu. Sàfúrà, ọmọ rẹ̀ obìnrin, kì í fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ mi tí ó bá ti débẹ̀.

"Lámídì, ọmọ kéú ni mo bí," ni Alfa wí fún mi, "ìwọ wá ń sọ ọ́ di agégi."

"Ẹ má bínú, Alfa. Afárá yìí ni ẹ̀yin náà máa gbà lọ kírun Jímọ̀."

"Tóò. Tí òjò ńlá àkọ́kọ́ bá rọ̀, tí afárá yín ṣì wà lórí ìdúró, máa kó wọn lọ. Tó bá wó, kí gbogbo wọn padà sídìí wàláà, kí n má sì gbọ́ ìró òòlù mọ́."

Sàfúrà ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń di òòlù mú bí ẹni pé ẹnìkan ti ń nawọ́ láti gbà á.

Ẹ wá rí ìdí tí àyà fi já gbogbo wa nígbà tí omi ṣàn nínú abọ́. Mo bèèrè ẹni tó wọn òpó apá Tishigu. Sàfúrà dìde. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí èmi fúnra mi ni mo gé ọ̀pá ìwọ̀n fún apá méjèèjì, ọ̀kan kò gùn ju ìkejì lọ. Mo ní kó wọn ọ̀kan lójú mi. Ó na ọ̀pá sílẹ̀ dáadáa. Kó tó gbé e, ó fi àtàńpàkò sún iwájú díẹ̀, ó wá fi ọ̀pá lé ibi tí ìka rẹ̀ dé. Bó ṣe ń ṣe ní gbogbo ìgbà tó bá gbé ọ̀pá nìyẹn.

"Kí ni ò ń sún sí i yẹn?"

"Èènì ni, Bàbá Káfíńtà. Tí a kò bá fi èènì sí i, wọ́n á ní ahun ni wá."

Aláṣọ ni ìyá rẹ̀, ọmọ aláṣọ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ Tishigu tó ń bá a ṣiṣẹ́. Láti kékeré ni wọ́n ti ń wo ìyá wọn tó ń wọn aṣọ fún oníbàárà, tó sì ń fi èènì tì í lẹ́yìn. Ta ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ sí òpó?

"Kai!" ni Yákúbù ará Zogbeli kígbe. "Wọ́n ti ta afárá fún wa, wọ́n sì fún wa ní èènì!"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà mo jókòó tì wọ́n, mo ṣàlàyé pé òpó kì í ná ọjà. Bí ọ̀kan bá ṣe ga ni èkejì gbọ́dọ̀ ga, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹrù á wọ́ sí apá kan. Àwọn ọmọ Tishigu fúnra wọn gbé ayùn, wọ́n gé èènì náà kúrò. Nígbà tí mo tún gbé abọ́ sílẹ̀, omi inú rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́.

Ó wá ku igi gígùn méjì tó dábùú kòtò, èyí tí pákó máa wà lórí rẹ̀. Àwọn náà gùn ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, wọ́n yọ sórí ilẹ̀ lápá Tishigu. Mo mú ayùn. Sàfúrà sáré lọ jókòó sórí igi.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Káfíńtà, ẹ má gé èyí."

Òfin kan wà níbi iṣẹ́ mi: ọmọ tó bá ní ìdí, a ó gbọ́ ìdí rẹ̀. Mo ní kó sọ tirẹ̀.

"Omi ń jẹ etí kòtò lọ́dọọdún. Ibi tí màámi máa ń tẹ́ ẹní sí tẹ́lẹ̀, ó ti wó lọ. Tó bá tún jẹ ẹ́ lọ́dún yìí, orí kí ni igi máa lé?"

Mo wo etí kòtò náà. Mo gbé ayùn sílẹ̀. Inú mi dùn ju ti ọjọ́ tí wọ́n sọ mí di ọ̀gá lọ, nítorí ọmọ yìí ti ń ro ohun tí omi máa ṣe lọ́la. A gbẹ́ ilẹ̀ fún èènì igi méjèèjì, a fi òkúta tẹ̀ ẹ́, a sì kan pákó lé wọn.

Òjò náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì, kò sì dá títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí mo ṣe kírun Súbúì tán, kòtò ni mo gbà lọ. Ẹ̀rù bà mí, kí n má tàn yín. Mo bá èrò níbẹ̀. Etí kòtò lápá Tishigu ti ya lulẹ̀, omi ti hú ìdí àwọn òpó wa, wọ́n ń fì. Ṣùgbọ́n afárá wà níbẹ̀. Èènì igi méjèèjì nìkan ló kù lórí ilẹ̀ lápá ibẹ̀, òun ló sì gbé gbogbo rẹ̀.

Alfa Sálíù dé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ afárá.

"Lámídì, kí ló gbé e dúró?"

"Ẹ bi ọmọ yín, Alfa."

"Èènì ni, Bàbá," ni Sàfúrà wí.

Alfa bọ́ bàtà, ó ká ẹ̀wù rẹ̀ mọ́ra, ó gun orí afárá. Mo ní kó jẹ́ ká tún òpó ṣe ná, ó ń rìn lọ. Nígbà tó dé àárín, ó fi gìgísẹ̀ lu pákó gbì, ó tún lù ú. Nígbà tó dé òdìkejì ló tó wẹ̀yìn.

"Kó máa parí wàláà rẹ̀ kó tó wá," ni ó wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Sàfúrà bú sẹ́kún ayọ̀, èmi náà wá ìṣó tí kò sọnù kiri nílẹ̀ kí àwọn ọmọ má baà rí ojú mi.

A fi òkúta tún ìdí àwọn òpó ṣe. Láti ọdún náà, kò sí ìsinmi tí àwọn ọmọ kò kún àgbàlá mi, ọkùnrin àti obìnrin. Ọ̀pọ̀ káfíńtà tó wà ní Tamale lónìí, ọwọ́ mi ni wọ́n ti kọ́kọ́ di ayùn mú.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo lọ ra aṣọ òwú funfun, irú èyí tó máa ń súnkì tí wọ́n bá fọ̀ ọ́, láti wọ̀ síbi àdúà tí wọ́n máa ṣe fún mi. Ṣọ́ọ̀bù Sàfúrà ni mo lọ. Aláṣọ lòun náà báyìí, ọmọ rẹ̀ méjì sì máa ń wá sọ́dọ̀ mi nígbà ìsinmi. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bí wọ́n ṣe máa kan òrùlé ṣọ́ọ̀bù náà, ó sì dúró ti àwọn káfíńtà títí wọ́n fi parí rẹ̀. Ó wọn aṣọ mi, ó fi àtàńpàkò sún iwájú bíi ti ìyá rẹ̀. Kó tó gé e, ó dúró, ó wò mí, ó tún sún un síwájú sí i.

Mo ní, "Sàfúrà, o ti fi èènì sí i tẹ́lẹ̀."

"Tiyín nìyẹn, Bàbá Káfíńtà," ni ó wí. "Èyí, ti omi ni."